Mọ́ínmọ́ín Ìyá Mulika Kò Mọwọ́ Mẹsẹ̀

Ẹ̀wà ni mò ń ṣà lọ́wọ́ nígbà tí fóònù dún. Àánú, ọmọ mi, jókòó tì mí, ó ń kó òkúta tí mo bá ṣà jáde sínú ìdérí ike. Àbúrò ọkọ mi ló pè. Èmi kì í pè é lórúkọ, Eyínfúnjowó ni mò ń pè é, torí pé mo bá a nílé ọkọ. Ó lóyún, ọjọ́ ìkúnlẹ̀ rẹ̀ sì ti kọjá.

"Ìyàwó wa," ó ní, "wọ́n ní kí n wá gba bẹ́ẹ̀dì lọ́la. Wọ́n fẹ́ fi oògùn gbé ìrọbí mi dìde. Ẹ̀jẹ̀ mi ń ru, wọ́n ní àwọn ò lè máa wò ó níran mọ́. Mi ò lọ o! Jọ̀ọ́, bá mi ra mọ́ínmọ́ín márùn-ún lọ́dọ̀ Ìyá Mulika. Ìwọ náà ṣáà ni ẹlẹ́rìí."

Àwo ẹ̀wà bọ́ lọ́wọ́ mi.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ̀ ń ka èyí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tíì bú mi. Ọ̀rọ̀ yìí ti wà nínú mi láti ìgbà tí mo ti bí Àánú, Àánú sì ti wọ nọ́sìrì báyìí. Ọkọ mi ò mọ̀. Ìyá Mulika tí mo ṣẹ̀ gan-an ò mọ̀. Ǹ bá tún dákẹ́, àmọ́ irọ́ tí mo pa ti di oògùn lẹ́nu àwọn aboyún. Ìdí tí mo fi ń sọ̀rọ̀ nìyẹn.

Ọmọ Ọ̀tà ni Ìyá Mulika, Mùsùlùmí tó mọ́ tónítóní. Ní Ojú Ore níbí, níbi tí bọ́ọ̀sì ilé iṣẹ́ ti máa ń gbé àwọn tó ń lọ sí Agbára, ni wọ́n ti ń ta ẹ̀kọ àti mọ́ínmọ́ín eléwé láàárọ̀. Ọkọ mi wà lára àwọn tó ń wọ bọ́ọ̀sì yẹn. Kì í lọ síbi iṣẹ́ láìjẹ mọ́ínmọ́ín mẹ́rin.

Nígbà oyún Àánú, ọjọ́ tèmi náà kọjá. Mo rìn, mo gun àtẹ̀gùn, mo jẹ ọ̀pẹ̀ òyìnbó títí ahọ́n mi fi bó. Kò sí nǹkan kan. Ṣọ́ọ̀ṣì wa tóbi débi pé ẹni tó bá jókòó lẹ́yìn, inú tẹlifíṣọ̀n ló ti ń rí pásítọ̀. Ìyá ìjọ tó bá ti rí mi ni yóò ní, "Ṣé o ò tíì bí ni?" bí ẹni pé mo gbé ọmọ pa mọ́ síbì kan.

Nọ́ọ̀sì tó ń tọ́jú mi jókòó, ó ṣàlàyé fún mi. Obìnrin sísanra kan ni, kì í rẹ́rìn-ín. Ó ní ọ̀nà táwọn fi ń jí ọmọ inú dìde ju ẹyọ kan lọ. Hóró oògùn kan wà, wọ́n lè gé e sí wẹ́wẹ́, kéèyàn gbé e mì tàbí kí wọ́n fi sí i nísàlẹ̀. Á mú kí ẹnu ilé ọmọ rọ̀, á sì mú ìrọbí wá. Àmọ́ tó bá ti wọlé, kò ṣeé dá padà bọ̀rọ̀, ọsibítù lèèyàn ti ń lò ó, kí wọ́n lè máa gbọ́ bí ọkàn ọmọ ṣe ń lù. Wọn kì í fún ẹni tí wọ́n bá ti ṣiṣẹ́ abẹ bímọ fún rí, kí ojú abẹ má baà ya.

Ó ní dírípù wà. Ìyẹn, wọ́n lè dín in kù, wọ́n lè dá a dúró, bí ẹni ń yí ẹnu ẹ̀rọ omi. "Àmọ́ tí ẹnu ilé ọmọ bá ṣì le," ó ní, "dírípù á kàn máa kanlẹ̀kùn ilé tí wọ́n tì pa ni." Ó ní fún irú ìyẹn, bàlúùnù kékeré kan wà tí wọ́n máa ń tì wọlé, wọ́n á rọ omi sínú rẹ̀, á rọra máa ṣílẹ̀kùn. Kò ní oògùn nínú.

Mo bi í pé èwo ni kì í dunni níbẹ̀.

"Èyí tí ọkọ ẹ bá máa bá ẹ bí," ó ní.

Mo wá rọra bèèrè òróró lárà, èyí tí wọ́n ń pè ní kásítọ̀ ọ́ìlì, torí wọ́n ti sọ ọ́ fún mi níbi tí mo ti ń dirun. Nọ́ọ̀sì wò mí látòkè délẹ̀. "Ṣé ìgbẹ́ lo fẹ́ bí ni àbí ọmọ? Á yà ọ́ nígbẹ̀ẹ́, á gbẹ omi ara ẹ, kò sì sẹ́ni tó lè sọ pé ọmọ á tìtorí ẹ̀ wá. Má dán an wò."

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ wo ọ̀rọ̀ mi dáadáa. Gbogbo ìjọ ló ń gbàdúrà pé kí n bí bí obìnrin Hébérù, kí n máà tíì kúnlẹ̀ kí ọmọ ti dé. Mo rò pé tí mo bá gba oògùn ọsibítù, wọ́n á ní ìgbàgbọ́ mi kéré. Ẹ̀rù ń bà mí pẹ̀lú. Mo wá ra òróró lárà ní kẹ́míìsì. Ní àárọ̀ ọjọ́ kan tí ọkọ mi ti lọ síbi iṣẹ́, mo jẹ mọ́ínmọ́ín méjì tó rà sílẹ̀ fún mi, mo sì po òróró náà mọ́ mínírà, mo dé e lé e lórí. Mo sì lọ sí àdúrà àwọn ìyá.

Kò tètè mú mi. Àfi ìgbà tí a ń kọrin ìyìn ni inú mi ké gbùú. Mo dìde. Ìyá ìjọ tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi pariwo pé, "Ó ti ń ṣẹlẹ̀!" Mo sáré. Ilé ìyàgbẹ́ ṣọ́ọ̀ṣì wa jìnnà, ó wà lẹ́yìn ibi ìgbọ́kọ̀sí. Mo ń sáré, àwọn ìyá náà ń sáré tẹ̀ lé mi, wọ́n ń fi èdè àjèjì gbàdúrà. Mo wọlé, mo tì í. Wọ́n dúró sẹ́nu ọ̀nà, wọ́n ń pàtẹ́wọ́ pé, "Jáde! Jáde! Jáde lórúkọ Jésù!"

Ó ń jáde lóòótọ́. Àmọ́ kì í ṣe ọmọ.

Nígbà tí wọ́n fi máa pe ọkọ mi dé láti Agbára, mi ò lè dìde mọ́. Ó ń làágùn. Gbogbo ìyá ìjọ yí wa ká. "Kí lo jẹ?" ó bi mí.

Ìyá Mulika ò ṣe mí ní nǹkan kan rí. Bí ẹnu mi ṣe là báyìí, ohun tó bọ́ jáde ni, "Mọ́ínmọ́ín. Ti Ìyá Mulika."

Ọkọ mi bá di ikùn mú. "Abájọ!" ó ní. Ẹni tó jẹ mẹ́rin láàárọ̀, tó ṣiṣẹ́ títí di ọ̀sán, tí nǹkan kan ò ṣe é, ọ̀rọ̀ ẹnu mi ló kó inú rírun bá a. Àgbo ló mu fún odidi ọ̀sẹ̀ kan.

Ní ọsibítù, nọ́ọ̀sì gbọ́ òórùn ẹnu mi. Nígbà tí ọkọ mi jáde, ó bẹ̀rẹ̀ mọ́ mi létí. "Mọ́ínmọ́ín tó o jẹ yẹn, òróró lárà ni wọ́n fi pò ó?" Mo bú sẹ́kún. Kò tú mi fó. Ó kàn ní, "Ìwọ fúnra ẹ lo máa sọ ọ́." Wọ́n fa omi sí mi lára títí ojú mi fi wálẹ̀, wọ́n yẹ èmi àti ọmọ wò, wọ́n wá fún mi ní hóró oògùn tí mo ń sá fún. Mo pe Jésù, mo pe ìyá mi, mo pe ọkọ mi lórúkọ tí mi ò lè kọ síbí. Àánú dé ní ọjọ́ kejì, ó ń ké bí ẹni tí wọ́n jí lójú oorun.

Ọkọ mi sọ̀tàn fún gbogbo bọ́ọ̀sì pé mọ́ínmọ́ín Ìyá Mulika ló fọ inú ìyàwó òun tó fi bímọ. Láti ọjọ́ yẹn, kò sẹ́ni tó tún rà á nínú wọn. Ẹni tí kò jẹ ẹ́ rí náà ń sọ pé òun ya ìgbẹ́ gbuuru. Bí Ìyá Mulika ṣe ń gbé kúlà wá láàárọ̀ ni wọ́n ń gbé e padà.

Wọ́n wá síbi ìkómọ Àánú, wọ́n gbé mọ́ínmọ́ín wá. Kò sẹ́ni tó fọwọ́ kàn án. Wọ́n jókòó tì mí. "Ìyàwó, wàlláhì, ẹ̀wà tí mo lọ̀ fún àwọn ọmọ mi ni mo lọ̀ fún yín. Kí ni mo fi ṣe ọ́?" Mo tẹrí ba, mo ṣe bí ẹni tó ń fún ọmọ lọ́mú. Ọmọ ti sùn láti ìgbà pípẹ́. Ẹ jọ̀ọ́, ibẹ̀ yẹn ló ń dùn mí jù. Kò pẹ́ tí wọ́n fi kó lọ bá ẹ̀gbọ́n wọn l'Ádó-Odò, wọ́n ń bá a ro oko.

Àmọ́ irọ́ kì í jókòó síbi tí a gbé e sí. Ìyàwó ọ̀kan nínú àwọn ọkùnrin inú bọ́ọ̀sì lóyún, ọjọ́ rẹ̀ kọjá, ọkọ rẹ̀ rántí ìtàn ọkọ mi. Ó wá Ìyá Mulika lọ sí Adó-Odò, ó bẹ̀ wọ́n kí wọ́n se mọ́ínmọ́ín fún òun. Ìyàwó rẹ̀ jẹ ẹ́, ó bímọ. Bóyá àárọ̀ ọjọ́ yẹn náà ni ì bá bí i tó bá jẹ ẹ̀bà. Ta ni yóò gbọ́? Wọ́n ní mọ́ínmọ́ín abíwẹ́rẹ́ ni. Ìyá Mulika padà sí Ojú Ore, wọ́n na tapólì tuntun bo àtẹ wọn. Tí wọ́n bá rí Àánú, wọ́n á ní, "Ọmọ mi, ìwọ lo là mí lọ́jà," wọ́n á sì fún un ní ọ̀kan lọ́fẹ̀ẹ́. Ọmọ mọ́ínmọ́ín ni gbogbo àdúgbò ń pè é.

Mo rò pé gbèsè mi ti tán nìyẹn. Àfi ìgbà tí Eyínfúnjowó pè.

Iṣẹ́ abẹ ni wọ́n fi gba àkọ́bí rẹ̀, ìdí tí ó fi ń sá nìyẹn. Ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ sì ń ru. Mo rí i pé tí mo bá dákẹ́, mọ́ínmọ́ín lásán ló máa jókòó tì títí nǹkan á fi bà jẹ́. Mo sọ gbogbo rẹ̀ fún un lórí fóònù.

Ó pè mí, "Ìyàwó wa."

"Mò ń gbọ́ yín."

"Òróró lárà?"

"Òróró lárà ni, ẹ jọ̀ọ́."

Ó rẹ́rìn-ín títí ẹ̀rù ẹ̀jẹ̀ ríru rẹ̀ fi bà mí. "O jẹ́ kí bọ̀dá mi mu àgbo fún odidi ọ̀sẹ̀ kan!" Lẹ́yìn náà ló sunkún. "Ọsibítù náà ló kù nìyẹn?"

"Ọsibítù náà ni. Èmi ni màá sìn yín lọ."

Wọn ò fún un ní hóró oògùn, nítorí ojú abẹ. Bàlúùnù ni wọ́n fi ṣílẹ̀kùn, wọ́n wá fi dírípù díẹ̀díẹ̀ tì í lẹ́yìn, wọ́n ń ṣọ́ ọ bí ẹni ń ṣọ́ mílíìkì lórí iná. Ó bí ọkùnrin, ara àwọn méjèèjì le. Ó ní òun ò ní sọ fún bọ̀dá òun, pé èmi tí mo dáná ni kí n bù ú fún un jẹ.

Ẹ̀yin ìyá, ẹ̀yin àǹtí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbà mí nímọ̀ràn. Mo ti ba ọjà obìnrin yìí jẹ́ nígbà kan. Tí mo bá jẹ́wọ́, màá tún bà á jẹ́ lẹ́ẹ̀kejì. Tí mi ò bá jẹ́wọ́, aboyún mìíràn á jókòó ti mọ́ínmọ́ín nígbà tó yẹ kó wà lọ́sibítù. Báwo lèèyàn ṣe ń bẹ̀rẹ̀ irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀? Ṣé ìkúnlẹ̀ la kọ́kọ́ ń ṣe ni, àbí ká kọ́kọ́ ra mọ́ínmọ́ín wọn?

Lánàá, bí mo ṣe ń wẹ Àánú, ó bi mí pé, "Mọ́mì, ṣé mọ́ínmọ́ín ló bí mi?"

Mo ní, "Rárá o. Èmi ni mo bí ẹ. Oògùn kékeré kan lọ́wọ́ nọ́ọ̀sì ló jí ẹ. Mọ́ínmọ́ín Ìyá Mulika kàn dùn ni."

Ó ronú sí i. "Ṣé wọ́n á ṣì máa fún mi lọ́fẹ̀ẹ́?"

Mo ní, "Mi ò mọ̀, ọmọ mi. Èmi àti ìwọ la jọ ń lọ bá wọn lọ́la. Ìwọ á gbé abọ́, èmi á gbé ọ̀rọ̀."