Mo Sọ Fún Ọkọ Mi Pé Táíwò Mi Ti Kú

Ohun tí mo fẹ́ sọ yìí, ó ti pẹ́ lọ́kàn mi. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ kà á tán kí ẹ tó bú mi. Ìbéèrè kan tí dókítà bi mí ni kò jẹ́ kí n lè dákẹ́ mọ́.

Kẹ́hìndé ni mí, olùkọ́ ni mí l'Ádó-Èkìtì. Èmi àti Táíwò mi jọra débi pé ìyá wa gan-an máa ń fi orúkọ mi pè é. Ìgbà tí a jáde ilé ìwé gírámà ni àìsàn ọpọlọ dé sí i. Ó ń gbọ́ ohùn àwọn èèyàn tí kò sí níbẹ̀. Ó fá irun orí rẹ̀, ó ní inú rẹ̀ ni wọ́n sá pa mọ́ sí.

Ọ̀dọ̀ àbúrò ìyá wa ní Ìjan ló wà báyìí. Ó ń lo oògùn rẹ̀, ó sì ń dáko.

Nígbà tí ọkọ mi fẹ́ fẹ́ mi, ó béèrè Táíwò. Ẹ̀rù bà mí pé tó bá mọ̀, á sá. Mo ní ó ti kú ní kékeré. Ìyá mi dákẹ́ nítorí mi.

Láìpẹ́ yìí, dókítà obìnrin kan wá sí ṣọ́ọ̀ṣì wa. Ó ní àwọn ń wá àmì irú àìsàn tó ń ṣe Táíwò nínú ẹ̀jẹ̀ àti ọpọlọ, àwọn sì nílò àwọn tí ara wọn le láti fi wé àwọn aláìsàn. Èmi ni mo kọ́kọ́ nawọ́. Inú kan náà la ti jáde. Kí ló dé tó fi jẹ́ òun, tí kì í ṣe èmi?

Ọkọ mi sìn mí lọ sí ilé ìwòsàn wọn. Wọ́n fa ẹ̀jẹ̀ mi. Wọ́n dé fìlà tó kún fún wáyà sí mi lórí. Wọ́n ní kí n máa fojú tẹ̀ lé àmì kékeré kan tó ń rìn lójú kọ̀ǹpútà. Mò ń rò ó bóyá ojú Táíwò á lè tẹ̀ lé e.

Dókítà wá bi mí pé, "Ṣé ẹnì kan nínú ẹbí yín ní àìsàn yìí? Táíwò yín ńkọ́?"

Ọkọ mi ló dáhùn. "Ó ti kú, Dókítà. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bi í mọ́, ó máa ń dùn ún." Ó di ọwọ́ mi mú.

Mo béèrè bóyá wọ́n ti rí àmì náà.

"Kò tíì sí èyí tá a lè fi ẹ̀jẹ̀ nìkan mọ̀," ni dókítà wí. "Ká rí ìbejì tó jọra, tí ọ̀kan ń ṣàìsàn, tí ara èkejì le, ìyẹn ì bá là wá lójú gan-an."

Irọ́ mi ti wọ inú iṣẹ́ wọn.

Mo lọ sí Ìjan, mo jẹ́wọ́ fún Táíwò. Ó ń bó ẹ̀gẹ́. Ó gbé ọ̀bẹ rẹ̀ sílẹ̀.

"Kí lo ní ó pa mí?"

"Ibà."

Ó bú sẹ́rìn-ín. Lẹ́yìn náà ó ní, "Ṣé wọ́n lè rí àwọn ohùn yẹn nínú ẹ̀jẹ̀ mi? Mú mi lọ. Èmi náà fẹ́ mọ̀."

Mo ti ṣèlérí fún un. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbà mí nímọ̀ràn. Ó ti ń bi mí lórí fóònù pé aṣọ wo ni kí òun wọ̀ wá. Kí ni kí n sọ fún ọkọ mi kí Táíwò tó kan ilẹ̀kùn wa?