Ìràwọ̀ Tí Ò Ní Fọ́tò

Nínú ọkọ̀ Odogbolu, ọkùnrin méjì ń sọ̀rọ̀ lẹ́yìn mi nípa géèmù kan tí wọ́n ti ń wá ìràwọ̀ kiri ojú ọ̀run.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ ní ìràwọ̀ tẹ́ ẹ rí lánàá tóbi ju tèmi lọ, pé kí n yọ orúkọ mi kúrò lókè àkójọ wa, kí n fi tiyín síbẹ̀. Fọ́tò ẹ̀ dà?"

"Wọ́n mú iná lọ kí n tó yà á."

"Ẹ jẹ́ ká jọ lọ wò ó nínú géèmù náà lónìí."

"Ọ̀nà ibẹ̀ jìn. Àbí irọ́ ni mò ń pa?"

"Háà! Mi ò ní ẹ parọ́ o, sà."

Bó ṣe fa "sà" yẹn gùn, díẹ̀ ló kù kí n bojú wẹ̀yìn.

"Ṣùgbọ́n ògiri kan ṣoṣo ló wà láàárín yàrá yín àti tèmi, ẹ̀gbọ́n. Wọn ò múná lọ lánàá."