Hóró Wíwú Inú Ìkòkò Tíì Yuk-ching

Ẹ má tíì lu agogo. Ẹ̀yin onífèrè, ẹ sinmi ná. Ẹ̀yin ará Tai O tí ẹ wá wo eré, ẹ fara balẹ̀. Òótọ́ kan ti wà nínú mi bí oyún láti ìgbà èwe mi, òní ni mo fẹ́ bí i. Lọ́jọ́ Ẹtì, dókítà yóò ti ọ̀bẹ bọ ọ̀nà ọ̀fun mi, kò sì lè búra pé ohùn yóò kù níbẹ̀. Èyí tó ṣẹ́kù ni mo fẹ́ fi sọ ọ́. Èmi Tsui Lin-hing, tí ẹ ń pè ní Ìyá Olóhùn Wúrà, olè ni mí. N kò jí owó o. Ipò ẹ̀gbọ́n mi ni mo jí, ìkòkò tíì ni mo sì fi jí i. Ẹ ń rẹ́rìn-ín? Ẹ rín in dáadáa, ẹ̀rín wà nínú ẹ̀ṣẹ̀ mi.

Gbogbo wa la mọ̀ pé bí olórí òṣèré bá ń kọrin, ẹnì kan á gbé tíì wọ orí ìtàgé fún un, òun á yà sí ẹ̀gbẹ́ kan, á sì fà á mu ní ẹnu tóóró ìkòkò tíì kékeré náà. Kì í ṣe gbogbo ọwọ́ ni wọ́n ń fi ìkòkò yẹn lé, torí ọ̀tá lè fi nǹkan síbẹ̀ láti pa ohùn èèyàn. Poon Yuk-ching, ẹ̀gbọ́n tí a jọ kọ́ṣẹ́, tó máa ń ṣe ọba nínú eré wa, kò gbé tirẹ̀ fún ọkọ rẹ̀ pàápàá. Èmi ló gbé e fún. Òun ló kọ́ mi bí a ti ń se é: èso dídùn kan tí à ń pè ní lo-han, tí a fọ́ sí wẹ́wẹ́, èèpo òsàn tó ti gbẹ tipẹ́, àti hóró wíwú, ìyẹn hóró dúdú tó máa ń wú bí ọ̀pọ̀lọ́ tí inú ń bí tí omi gbígbóná bá ti kàn án. Á ní, “Méjì péré, Lin. Méjì ń tu ọ̀fun lára. Tó bá ti pọ̀, ó di ọ̀rọ̀ ikùn.” Mo ní, “Mo ti gbọ́, ẹ̀gbọ́n mi.” Mo gbọ́ lóòótọ́. Mo gbọ́ ọ jù. Mo mọ gbogbo orin ọba látòkèdélẹ̀, síbẹ̀ tíì ni mò ń gbé kiri.

Ọjọ́ àjọ̀dún Tin Hau, òrìṣà òkun, ni, nínú àgọ́ ọparun bí èyí, ní abúlé yìí gan-an. Ọ̀fun ń dun Yuk-ching. Ó ní, “Lin, jẹ́ kó ki díẹ̀ lónìí o.” Ki kẹ̀? Ẹ̀kúnwọ́ hóró ni mo dà sí i! Ẹ wá gbọ́ bí òrìṣà ṣe fẹ́ dá mi dúró: hóró wú, ó wú, ó dí ẹnu ìkòkò pa. Yuk-ching fà á lórí ìtàgé, kò rí nǹkan. Ó tún fà á, ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ wọlé bíi ti ẹja. Apẹja kan kígbe láti iwájú pé, “Kábíyèsí, ṣé ká bá yín fi ìwọ̀ fà á?” Àgọ́ gba ẹ̀rín. Ẹ̀gbọ́n mi rọra bi mí, “Kí ló há síbẹ̀?” Àyè ìrònúpìwàdà nìyẹn, ó fẹ̀ tó kí ọkọ̀ ojú omi yí padà nínú rẹ̀. Mo ṣí ìdérí, mo bu tíì sínú ife, mo ní, “Ẹ mu ún báyìí, ẹ̀gbọ́n mi. Ó dáa fún yín.” Ó mu ún tán. Ó tún dúpẹ́.

Nígbà tó yá tí ọba fẹ́ dá ọlọ̀tẹ̀ lẹ́jọ́, ikùn ọba ló kọ́kọ́ fọhùn. Yuk-ching ká aṣọ ìgúnwà, ó kẹ̀yìn sí ojúbọ òrìṣà tí a ń ṣeré fún láàárín orin, ó sá wọlé. Èèwọ̀ ni! Kí ariwo tó rọlẹ̀, mo ti dé adé, mo ń kọrin. Mo sì kọ ọ́ dáadáa, ẹ má jẹ́ ká purọ́. Ìyẹn kọ́ ló burú jù. Ọ̀gá ẹgbẹ́ òṣèré wa pè wá síwájú èrò, ó ní, “Lin, kí lo fi sí tíì?” Mo fi ohùn tó dé etíkun búra pé, “Hóró méjì, bí wọ́n ṣe kọ́ mi. Àyà ẹ̀gbọ́n mi ló já, ọ̀gá. Láti àárọ̀ ni wọ́n ti ń gbọ̀n.” Ọ̀rọ̀ bùṣe. Ẹgbẹ́ wo ni yóò gba ojo tí ikùn rẹ̀ ń dà níwájú òrìṣà? Kò sí ìkankan. Wọ́n lé e, adé rẹ̀ sì di tèmi.

Nígbà tí ọ̀fun bẹ̀rẹ̀ sí í dùn mí lẹ́nu àìpẹ́ yìí, tíì tí mo ń fi tu ọ̀fun lára kò ràn mí mọ́. Wọ́n júwe obìnrin kan fún mi ní ìlú Yuen Long tó ń se tíì ọ̀fun tà. Mo wọlé, Yuk-ching ni! Ó gbé ìkòkò kan síwájú mi. Mo ṣí ìdérí rẹ̀ wò. Ó ní, “Mu ún. Àbí o rò pé èmi náà ni ìwọ?” Mo mu ún, inú kò run mí. Mo kúnlẹ̀. Ó ní, “Dìde, o ń dí oníbàárà lọ́nà. Ìgbà tí mò ń di ẹrù mi lọ ni mo ṣí ìkòkò. Hóró kún inú rẹ̀.” Mo ní, “Kí ló dé tí ẹ kò sọ?” Ó ní, “Ta ni ìbá gbọ́ tèmi, nígbà tí ìwọ ti ń jọba? Lin, n kò lè dárí jì ọ́ nínú ṣọ́ọ̀bù. Gbangba lo ti pè mí lójo. Gbangba ni kó o ti kó ọ̀rọ̀ rẹ jẹ.”

Mo ti kó o jẹ báyìí, ó sì korò ju ewúro lọ. Ẹ̀yin ọmọ tí ẹ ń kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ mi, bí ipò ẹnìkan bá wù yín, ẹ kọrin jù ú lọ. Bí ẹ kò bá lè kọrin jù ú lọ, ẹ gbé tíì rẹ̀ dáadáa. Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ̀yin tí ẹ jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ òpó yẹn, mo bẹ̀ yín, ẹ dárí jì mí. Bí inú bá ṣì ń bí yín, ẹ má dá mi lóhùn. Ṣùgbọ́n ẹ dìde ná, kí àwọn ará Tai O wo ojú ẹni tí àyà rẹ̀ kò já rí.