Ẹẹ́rin Tó Dá Dúró

Òtítọ́ kan ti pẹ́ jù nínú ọkùnrin yìí, ọ̀sán òní ló sì máa bọ́ síta, ì báà dùn, ì báà korò. Ẹ má bi mí pé kí ló dé tí kò ti sọ ọ́ látọjọ́ yìí. Òun náà ti bi ara rẹ̀ títí ó fi sú u. Ohun tó ṣẹlẹ̀ ni pé dókítà wo ọkàn rẹ̀ nínú ẹ̀rọ, ó bọ́ awò ojú, ó wá sọ fún un pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ pé ọkàn náà ti wú ju bó ṣe yẹ lọ, pé iṣẹ́ abẹ kò lè ràn án lọ́wọ́ mọ́, kí ó lọ sinmi, kí ó sì bá àwọn èèyàn rẹ̀ sọ̀rọ̀. Ọ̀rọ̀ ìkẹyìn yẹn ló gún un lára ju ti ikú lọ. Ẹnì kan ṣoṣo ló yẹ kí ó bá sọ̀rọ̀, àbúrò rẹ̀ ni, ọmọ ìyá rẹ̀, ẹni tí òun fi gbólóhùn kan ṣoṣo ba ayé rẹ̀ jẹ́.

Onínọ́ńbà ni gbogbo èèyàn ń pe ọkùnrin yìí, nítorí òun ló ń ṣe àlọ́ nọ́ńbà tó máa ń wà lẹ́yìn ìwé ìròyìn. Ẹ ti rí i rí, kódà bí ẹ kì í ṣe é: àpótí kan tí wọ́n pín sí ojúlé kéékèèké, mẹ́fà ní ìbú, mẹ́fà ní òró. Ẹ ó fi oókan dé ẹẹ́fà sínú rẹ̀, nọ́ńbà kan kò sì gbọdọ̀ wáyé lẹ́ẹ̀mejì lórí ìlà kan, ì báà jẹ́ ìlà ìbú tàbí ti òró. Ìlà dúdú tó nípọn máa ń yí àwọn ojúlé kan ká bí ọgbà, ní igun ọgbà kọ̀ọ̀kan ni wọ́n á sì kọ ohun tí àwọn nọ́ńbà inú rẹ̀ gbọ́dọ̀ fún yín, bí ẹ bá rò wọ́n pọ̀, tàbí bí ẹ bá yọ kékeré kúrò lára ńlá, tàbí bí ẹ bá fi ọ̀kan sọ èkejì di púpọ̀. Ìyẹn ni gbogbo ohun tí ẹ ní lọ́wọ́. Ẹni tó mọ̀ ọ́n ṣe kì í méfò. Á máa ronú ni, á máa pa ohun tí kò ṣeé ṣe rẹ́, títí á fi ku ìdáhùn kan ṣoṣo. Bí ìdáhùn bá lè pé méjì, àlọ́ ti bàjẹ́ nìyẹn, ẹ dà á sí ààtàn.

Nítorí èyí ni wọ́n ṣe ń ṣe iṣẹ́ náà ní méjì. Ẹ̀gbọ́n á ṣe é, àbúrò á yẹ̀ ẹ́ wò. Yàrá tóóró kan ni wọ́n fún wọn lẹ́yìn ibi tí wọ́n ti ń tẹ̀wé, ilẹ̀ rẹ̀ a sì máa gbọ̀n bí ẹ̀rọ bá ti bẹ̀rẹ̀. Àbúrò á jókòó ti àlọ́ láìwo ìdáhùn, á ṣe é látòkè délẹ̀, á tún un ṣe látìsàlẹ̀ wá sókè. Nígbà tó bá dá a lójú pé ọ̀nà kan ṣoṣo ló wà níbẹ̀, á fi bírò aláwọ̀ ewé fa àmì kékeré sí igun ìwé. Bí àmì yẹn bá ti wà níbẹ̀, ó parí. Ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ fọwọ́ kan àlọ́ náà mọ́. Bí ó bá di dandan kí wọ́n sún ìlà, wọ́n gbọ́dọ̀ pa àmì rẹ́, kí wọ́n dá ìwé padà sórí tábìlì àbúrò. Ẹ̀gbọ́n fúnra rẹ̀ ló ṣe òfin yìí. "Ẹ̀gbọ́n," àbúrò á máa wí, "nọ́ńbà yín yìí ti gba àlejò sílé o, ẹ wá lé ọ̀kan jáde." Wọ́n á jọ rẹ́rìn-ín, ẹ̀gbọ́n á gba ìwé rẹ̀ lọ tún ṣe. Orí àbúrò pé, ẹ gbà mí gbọ́. Kò sí àṣìṣe tó lè gba iwájú rẹ̀ kọjá kí ó má rí i.

Ẹ wá wo ilé àbúrò yìí lónìí. Ìwé pélébé wà lára gbogbo ilẹ̀kùn, ọwọ́ rẹ̀ ló fi kọ wọ́n: PA GÁÀSÌ. KỌ́KỌ́RỌ́ DÀ? TI FÈRÈSÉ. Kò wa ọkọ̀ mọ́ láti ìgbà tí ọmọbìnrin rẹ̀ ti wà ní kékeré. Kò dá nìkan mú ọmọ náà sọdá títì rí, títí ọmọ fi dàgbà tó sì lọ sílé ọkọ. Bẹ́ẹ̀ kò sí nǹkan kan tó ṣe orí rẹ̀. Ẹ̀rù orí náà ló ń bà á.

Onínọ́ńbà jókòó sórí àga tó kọjú sí i, ó ń mí gúlegúle. Ìyàwó àbúrò ń lọ aṣọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé. Ó gbé áyọ́ọ̀nù dúró, ó bu omi tútù fún ẹ̀gbọ́n, ó sì padà sídìí aṣọ.

"Ẹ rọra, ẹ̀gbọ́n," ó ní. "Ẹ ò bá ti pè wá, àwa là bá wá."

"Ìyàwó wa, ọ̀rọ̀ tí mo gbé wá kò ṣeé sọ lórí fóònù. Má jáde, ìwọ náà yẹ kí o gbọ́." Ó wá wo àbúrò rẹ̀. "Mo wá jẹ́wọ́ ni. Jọ̀ọ́, má dá ọ̀rọ̀ mọ́ mi lẹ́nu, torí bí mo bá dúró, n kò ní lè tún bẹ̀rẹ̀."

Àbúrò rẹ́rìn-ín músẹ́. "Kí lẹ fẹ́ jẹ́wọ́? Ẹ̀yin tí ẹ kò jẹ́ mú ẹran kan nínú ìkòkò Màmá rí."

"O rántí àlọ́ àṣekágbá ìdíje tí ìwé ìròyìn wa ṣe yẹn," Onínọ́ńbà ní. "Mo mọ̀ pé o rántí, torí o kò yéé tún un ṣe títí dòní. Bí mo ṣe kọ́kọ́ gbé e kalẹ̀, ẹẹ́rin kan dá dúró lórí ìlà kejì, nínú ọgbà tirẹ̀. Ọ̀fẹ́ ni mo fi ta àwọn olùdíje lọ́rẹ, kí wọ́n lè rí ibi bẹ̀rẹ̀. O yẹ̀ ẹ́ wò, o fa àmì sí i, o lọ sílé. Láàárọ̀ ọjọ́ kejì ni olóòtú wọlé, ó gbé ìwé náà sókè, ó ní, 'Àṣekágbá lẹ tún ń fi nọ́ńbà tọrẹ? Àbí jẹ́lé-ó-sinmi ni wọ́n wà?' Ó ń ṣàwàdà ni o. Àmọ́ ó dùn mí dọ́kàn. Ìwọ náà mọ bí ìgbéraga mi ṣe tó nígbà yẹn. Bó ṣe jáde báyìí, mo mú rọ́bà, mo tún ìlà ibẹ̀ fà. Mo so ẹẹ́rin yẹn pọ̀ mọ́ ẹẹ́ta tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, mo sọ wọ́n di ọgbà kan, mo kọ eéje sí i ní igun, àròpọ̀. Ó dára lójú mi. N kò bojú wo ìsàlẹ̀. Eéje mìíràn wà níbẹ̀, lábẹ́ rẹ̀ gan-an, ẹẹ́ta àti ẹẹ́rin nínú ọgbà tirẹ̀. Bí èèyàn bá pààrọ̀ ti òkè, tó sì pààrọ̀ ti ìsàlẹ̀, kò sí ìlà kankan tó máa ráhùn. Ẹẹ́rin tó dá dúró yẹn nìkan ló ń dí wọn lọ́wọ́, èmi ni mo sì tú u sílẹ̀. O kò tíì dé ibi iṣẹ́. Àwọn tó ń tẹ̀wé ti ń kan ilẹ̀kùn. Mo ní, ṣé nítorí ìlà bíntín yìí náà ni? Mo fi àmì rẹ sílẹ̀ níbẹ̀, mo gbé ìwé fún wọn. Òfin tí mo fi ọwọ́ ara mi ṣe. Èèyàn lásán ni mí."

Ohun tó ṣẹlẹ̀ ní gbọ̀ngàn ìdíje, gbogbo wọn ló mọ̀ ọ́n. Aránṣọ kan ló kọ́kọ́ ṣe tán, ó gbé ìwé rẹ̀ lọ síwájú, wọ́n fi wé ìdáhùn tó wà lọ́wọ́ wọn, wọ́n ní ó kùnà. Obìnrin náà kò bínú. Ó ní kí wọ́n kàn fi ibi tí òun ti ṣìnà han òun, òun á lọ jókòó. Wọ́n wá ibẹ̀ títí, wọn kò rí i. Àwọn èrò bẹ̀rẹ̀ sí í súfèé, àwọn kan ń pariwo ojóóró, ìwé ìròyìn sì di ẹlẹ́yà lójú gbogbo ayé. Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà ni olóòtú wọ yàrá tóóró yẹn, ó ju ìwé náà sórí tábìlì, ó bèèrè ẹni tó yẹ̀ ẹ́ wò.

Onínọ́ńbà mu omi díẹ̀. Omi dà sí i láyà.

"O wo ìwé náà," ó ní. "O rí àmì tìrẹ. O ní, 'Èmi ni, ọ̀gá.' Lẹ́yìn náà lo wá fi ìka sí ojúlé yẹn, o yíjú sí mi. O ní, 'Ẹ̀gbọ́n, ṣé kì í ṣe ẹẹ́rin ló dá dúró níbí?' Pẹ̀lẹ́ lo bi mí, bí ọmọ tó sọnù ṣe ń bi àgbàlagbà lọ́nà. Olóòtú ń wò mí. Mo wo ojú rẹ, àbúrò mi. Mo ní, 'Rárá o. Eéje ni mo kọ látìbẹ̀rẹ̀. Ṣé o ò rántí ni?' Mo tiẹ̀ gbá ọ léjìká pẹ́pẹ́, bí ẹni ń ṣàánú. O wá ní, 'Ó jọ pé ti Màmá ti ń bẹ̀rẹ̀ lára mi.' Ibẹ̀ ni mo ti burú jù. Kì í ṣe rọ́bà yẹn. Màmá tó gbàgbé orúkọ àwa méjèèjì kó tó kú, o ń fi ara rẹ wé e níṣojú mi, mo sì gbé e mì. Ọ̀sẹ̀ yẹn gan-an lo fi iṣẹ́ sílẹ̀. Èmi ni mo bá ọ palẹ̀ tábìlì rẹ mọ́."

Àbúrò ló gbé orí sókè, ó ń fi imú fa òórùn.

"Áyọ́ọ̀nù," ó sọ fún ìyàwó rẹ̀. "Ó ń jó aṣọ."

Ìyàwó sáré gbé e. Ẹ̀wù funfun náà ti jó, ojú ibẹ̀ ti pọ́n. Ó di ẹ̀wù náà mú sáyà.

Àbúrò fà súnmọ́ ẹ̀gbọ́n rẹ̀, ó di ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì mú. Omi wà lójú rẹ̀, àmọ́ ó ń rẹ́rìn-ín. "Ẹ ṣé, ẹ̀gbọ́n mi," ó ní. "Mo ti mọ̀ pé ẹ máa gbé irú èyí dé lọ́jọ́ kan. Ẹ rántí fèrèsé aládùúgbò tí mo fi bọ́ọ̀lù fọ́? Ẹ̀yin lẹ ní ẹ̀yin lẹ fọ́ ọ. Ẹ̀yin ni Bàbá nà. Ara yín kò yá báyìí, ẹ ò fẹ́ fi mí sílẹ̀ sínú ìtìjú, ẹ wá gbé e rù. Ó tó, ẹ̀gbọ́n."

"Mi ò gbé nǹkan kan rù. Èmi ni mo ṣe é."

"Ẹ̀yin tí ẹ kò jẹ́ kí oṣù kan jẹ láìwá wò mí? Ẹ̀yin tí ẹ san owó ilé ẹ̀kọ́ ọmọ mi?"

Onínọ́ńbà mọ̀ lójú ẹsẹ̀ pé òun ti há. Gbogbo oore tó ti ń ṣe kí ọkàn rẹ̀ lè fúyẹ́ díẹ̀, àwọn ló wá ń jẹ́rìí ta kò ó báyìí. Ó wá ìwé, ó ya àpótí náà bó ṣe rántí rẹ̀, ó to àwọn ọgbà sí i, ó dá ẹẹ́rin padà sí ìlà kejì. "Yẹ èyí wò. Ìwọ fúnra rẹ. Bó ṣe wà nìyí kí n tó fọwọ́ kàn án. Ìdáhùn kan ṣoṣo lo máa rí."

Àbúrò mú bírò. Ẹ bá ti rí i bó ṣe ṣe é. Kò da ojú rú, kò padà sẹ́yìn, ó lọ látòkè délẹ̀, ó gba ìsàlẹ̀ bọ̀ wá sókè, kí ìyàwó rẹ̀ tó ká ẹ̀wù tó jó yẹn tán. Orí tí wọ́n ní ó ti bàjẹ́ nìyẹn o.

"Kan ṣoṣo ni lóòótọ́," ó ní. "Àmọ́ ẹ̀yin náà lẹ kọ́ mi, ẹ̀gbọ́n. Kò sí àlọ́ tó ní ìdáhùn méjì tí ẹ kò lè fi nọ́ńbà ọ̀fẹ́ kan tún ṣe. Bí ẹ bá fi ẹẹ́ta síbẹ̀, á tò. Bí ẹ bá fi í sísàlẹ̀, á tò. Èyí kò sọ fún mi pé ẹẹ́rin wà níbẹ̀ lọ́jọ́ náà. Ìwé àkọ́kọ́ ńkọ́?"

"Mo ti fi rọ́bà pa á rẹ́."

"Ẹ ò rí i?" àbúrò ní.

Onínọ́ńbà sọ̀ kalẹ̀ lórí àga, ó kúnlẹ̀, àgbàlagbà ọkùnrin, níwájú àbúrò tí òun fúnra rẹ̀ pọ̀n sẹ́yìn rí. Ó ní kí ó dárí ji òun. Àbúrò fò dìde, ó bẹ̀rẹ̀ sí í fà á sókè. "Ẹ dìde, ẹ dákun. Ẹ má ṣe èyí sí mi. Ó dáa, mo ti dárí jì yín. Bí ìyẹn bá máa jẹ́ kí ẹ sùn, mo ti dárí jì yín pátápátá." Bí wọ́n ṣe ń rẹ ọmọ tó ń ké lójú oorun lẹ́kún ló ṣe sọ ọ́. Onínọ́ńbà gbọ́ ìdáríjì tó wá gbà, kò sì wọ̀ ọ́ lára rárá, torí kò sí ẹ̀ṣẹ̀ kankan nínú ohun tí wọ́n dárí rẹ̀ jì í.

Ìyàwó ló sìn ín jáde. Nínú ọ̀dẹ̀dẹ̀, lẹ́bàá ilé ìdáná, ó dúró.

"Èmi gbà yín gbọ́," ó ní.

"Bá mi bẹ̀ ẹ́, ìyàwó wa. Bá mi sọ fún un kó gbà."

"Ọmọ mi máa ń bi mí pé kí ló dé tí Dádì òun kì í di òun lọ́wọ́ mú. Mo ní wọ́n ń ṣàìsàn. Mo ti fi ọ̀pọ̀ ọdún dá ọkùnrin tí orí rẹ̀ pé lóhùn bí ẹni ń dá aláìsàn lóhùn." Ohùn rẹ̀ kò lọ sókè rárá. "Ẹ fẹ́ kí n bá yín bẹ ta ni?"

Onínọ́ńbà wo ilẹ̀. Ibẹ̀ ló wà tí àbúrò fi pè é láti pálọ̀.

"Ẹ̀gbọ́n, bí ẹ bá ti ń kọjá, ẹ bá mi wo gáàsì. Ṣé mo ti pa á?"

Onínọ́ńbà wọ ilé ìdáná. Ó fọwọ́ kan àwọn bọ́tìnnì gáàsì lọ́kọ̀ọ̀kan. Gbogbo wọn ló ti wà ní pípa.

"O ti pa á," ó ní.

"Ṣé ó dá yín lójú?"

"Ó dá mi lójú."

"Ó tán nìyẹn," àbúrò dáhùn, ọkàn rẹ̀ sì balẹ̀. "Ìyàwó mi lè sọ bẹ́ẹ̀ nítorí kí n lè jókòó. Ẹ̀yin ni ẹ ò purọ́ fún mi rí."