Ìwọ̀n tí Mo Dín Kù

N ò lè gbé ọ̀rọ̀ yìí sínú mọ́. Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ bó ṣe ṣẹlẹ̀, bí èmi fúnra mi ò tilẹ̀ mọ orúkọ tí ǹ bá pè é. Ọwọ́ aránṣọ kan tó ń gbé ọ̀nà jíjìn ni mo ti gba ọmọ wa tọ́, nígbà tó wà ní oṣù mẹ́ta. A kò fi ohunkóhun pa mọ́ fún ọmọ náà; ó mọ̀ pé aránṣọ yìí ló bí òun. Àdéhùn wa ni pé bí ọjọ́ ìbí rẹ̀ bá ti ku oṣù kan, màá wọ̀n ọ́n, màá fi ìwọ̀n ránṣẹ́, aránṣọ á sì rán aṣọ kan fún un. "Àǹtí," ó ní, "n ò ní nǹkan míì tí mo lè fún un. Ẹ ṣáà bá mi wọ̀n ọ́n dáadáa."

Lọ́dọọdún ni aṣọ náà ń ṣe wẹ́kú. Ọmọ á máa pòyì níwájú dígí: "Mọ́mì, Màámi Aránṣọ mọ̀ mí gan-an o! Kò bá wa gbé, ó sì mọ̀ mí!" Èmi tí mo wẹ̀ ẹ́ láàárọ̀, tí mo di irun rẹ̀, ta ni mo wá jẹ́? Ṣé owú ni? Àbí ẹ̀rù? Nọ́ọ̀sì ni mí. Ọmọ ọlọ́mọ ni mò ń wọ̀n láti àárọ̀, n kì í ṣi nọ́ńbà kọ. Síbẹ̀, nígbà tó fẹ́ pé ọdún méje, àyà rẹ̀ jẹ́ ínṣì mẹ́rìnlélógún, mo kọ méjìlélógún. Mo fi ránṣẹ́.

Aṣọ dé, ó há, kò gba ọmọ. Ọmọ wò mí. Mo ní, "Bóyá ó ti ń gbàgbé bí o ṣe rí." Ẹ gbọ́ ẹnu mi! Aránṣọ pè mí: "Àǹtí, ṣé ó bá a mu?" Mo ní ó ti kéré jù. Ó rẹ́rìn-ín. "Ojú àgbà ti dé nìyẹn, èmi tí n ò tíì pé ọgbọ̀n ọdún!" Mo bá a rẹ́rìn-ín. Lọ́dún tó tẹ̀ lé e, mo tún kọ méjìlélógún kan náà, aṣọ yẹn náà ò sì gbà á.

Ibi tó burú nìyí. Ọmọ bẹ̀rẹ̀ sí í fi oúnjẹ sílẹ̀. Mo rí eegun èjìká rẹ̀, èmi nọ́ọ̀sì, mo sì fún un ní oògùn aràn! Lọ́sàn-án ọjọ́ kan mo ṣílẹ̀kùn, mo bá a níbi tó ti fi téèpù mi di àyà, tó ń fà á. "Mọ́mì, ó ku ínṣì kan kí aṣọ yẹn gbà mí. Màámi Aránṣọ ò gbàgbé mi. Èmi ni mo tóbi jù."

Mo jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀. Mo pe aránṣọ. Ó dé lọ́jọ́ Sátidé, mo sì jẹ́wọ́ lójú àwọn méjèèjì. Kò pariwo mọ́ mi. Ǹ bá fẹ́ kó pariwo. Ó fa téèpù ọrùn rẹ̀ yọ, ó wọn ọmọ. "Àyà, mẹ́tàlélógún. Ẹ kọ ọ́ sílẹ̀, Àǹtí." Mo kọ ọ́. "Ẹ kà á sókè." Mo kà á. Síbẹ̀ ó tẹ orí ba, ó yẹ ìwé náà wò.

Ọmọ ní, "Ṣé mo lè jẹun báyìí?"

Ẹ̀yin tí ẹ ń bá ẹlòmíì tọ́ ọmọ, ẹ má ṣe bíi tèmi. Ẹ bá mi bẹ ọmọ náà. N ò mọ ibi tí màá ti bẹ̀rẹ̀. Nígbà tí aránṣọ ń lọ, ó fi téèpù rẹ̀ sí mi lọ́wọ́, ó ní òun á máa pè lóṣooṣù kí n ka ìwọ̀n fún òun. Bóyá ìdáríjì ni, bóyá ìyà ni, n ò mọ̀. Ooru ọrùn rẹ̀ ṣì wà lára téèpù náà nígbà tí mo gbà á.