Ìwé Ìrìnnà Tí Mo Fi Pamọ́ fún Ọjọ́ Mẹ́sàn-án

Ẹ jókòó, gbogbo yín. Ẹ̀yin ìgbìmọ̀ tẹ́ńpìlì, ẹ má bínú pé mo ní kí ẹ dá ayẹyẹ ọjọ́ Àìkú dúró ná. Mo gbọ́ pé ẹ fẹ́ pè mí ní ọ̀rẹ́ àwọn àjèjì níwájú gbogbo àdúgbò, nítorí ọdún méjìlá tí mo fi bá wọn sáré ìwé kiri. Ẹ ṣeun, inú mi dùn sí yín. Ṣùgbọ́n kíndìnrín mi méjèèjì ti daṣẹ́ sílẹ̀, dókítà kò sì fi bò fún èmi Lamduan, ẹni ọdún mọ́kànléláàádọ́rin, pé ọjọ́ tó kù fún mi kò pọ̀. Mi ò fẹ́ gba oyè tí kì í ṣe tèmi kí n tó lọ. Ohun tí mo fẹ́ sọ yìí, ènìyàn méjì péré ló mọ̀ ọ́n lẹ́yìn mi, àwọn méjèèjì ló sì jókòó síbí. Ọ̀kan ni Thongbai aránṣọ, ọ̀rẹ́ mi láti kékeré. Èkejì ni Bàbá Wít, tó ń gbé yàrá ẹ̀yìnkùlé mi. Òun ni mo ṣẹ̀.

Wietse ni orúkọ rẹ̀ gan-an, ará Netherlands ni, ẹnjiníà inú ọkọ̀ ojú omi sì ni kó tó fẹ̀yìn tì. Nígbà tí ìyàwó rẹ̀ kú, ó ta ilé rẹ̀, ó wá sí Chiang Mai wa níbí, ó sì gba yàrá lọ́wọ́ mi. Ọkọ tèmi náà ti kú nígbà yẹn, ọmọbìnrin mi kan ṣoṣo sì ti lọ ṣiṣẹ́ ní Korea. Lọ́dọọdún ni Bàbá Wít gbọ́dọ̀ gba àyè tuntun láti máa gbé ìlú wa, bí àádọ́rùn-ún ọjọ́ bá sì pé, wọ́n tún gbọ́dọ̀ gbọ́ lẹ́nu rẹ̀ tàbí lẹ́nu ẹni tó bá rán pé ibi tó ń gbé náà ló ṣì wà. Kò gbọ́ èdè wa dáadáa. Èmi ni mo di ẹnu rẹ̀. Ní ìdájí la ó ti gun ọ̀kadà mi lọ sí ọ́fíìsì àwọn aṣọ́bodè, a ó gba nọ́ńbà, a ó jókòó ti ara wa títí di ọ̀sán. Bí a bá ṣe tán, á ra káò sói fún mi ní ìsọ̀ olóúnjẹ tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibẹ̀, a ó máa fa nudù náà, a ó máa fi àwọn òṣìṣẹ́ ṣe yẹ̀yẹ́. Mo ní bùláòsì aláwọ̀ ewé kan tó jẹ́ pé ọjọ́ yẹn nìkan ni mo ń wọ̀ ọ́. Ẹ wo bí mo ṣe gọ̀ tó.

Ìwà burúkú mi ti bẹ̀rẹ̀ láti ibẹ̀, ẹ ò kàn mọ̀ ni. Òṣìṣẹ́ á sọ pé, “Ìyá, ó ti tán, ẹ máa lọ ilé.” Màá yíjú sí Bàbá Wít, màá ní, “Wọ́n fẹ́ dá ìwé yín padà o! Èmi ni mo bẹ̀ wọ́n.” Á gbá ọwọ́ mi mú, á ní, “Lamduan, kí ni mi ò bá ṣe láìsí ìwọ?” Ọ̀rọ̀ yẹn máa ń dùn mọ́ mi ju oúnjẹ lọ.

Ọdún karùn-ún tó dé ni ọ̀rọ̀ físà olówó bẹ̀rẹ̀, èyí tí èèyàn máa san owó ńlá fún lẹ́ẹ̀kan, tí yóò sì máa gbélé rẹ̀ lọ fún ọdún gbọọrọ, tí àwọn ẹlòmíràn á máa bá a ṣe gbogbo wàhálà ìwé. Abẹ́ igi eléso lámyài mi níbí ni wọ́n ti jiyàn rẹ̀ lọ́jọ́ kan tí mo se oúnjẹ ọ̀sán. Keith wà níbẹ̀, ọkùnrin ará Australia tó ń gbé òpópónà kejì, àti Aino, obìnrin ará Finland tó ń kọ́ àwọn ọmọ wa ní dùùrù.

Keith ní, “Owó ọkọ̀ tuntun lẹ fẹ́ kó lé wọn lọ́wọ́, kí ẹ lè gbé ibi tí ẹ ti ń gbé tẹ́lẹ̀! Kí ni wọ́n máa fún yín? Ọmọge tí yóò rẹ́rìn-ín sí yín ní pápá ọkọ̀ òfurufú?”

Aino dá a lóhùn pé, “Ìwọ wo ló ń sọ̀rọ̀? Ìwọ tí o fi ọjọ́ mẹ́rin wá ìwé báńkì kan ṣoṣo, tí o bú sẹ́kún níwájú òṣìṣẹ́?”

“Èéfín ni! Oṣù kẹta ni, gbogbo oko ló ń jó. Èéfín ló kó sí mi lójú.”

“Èéfín tó ń pe màmá ẹ?”

A rẹ́rìn-ín títí. Aino wá sọ fún Bàbá Wít pé, “Mo san án, mo sì gbàgbé. Mi ò ka ọjọ́ mọ́. Mi ò jí pẹ̀lú àyà jíjá mọ́. Ohun tí mo rà nìyẹn.”

Bàbá Wít yíjú sí mi. “Lamduan, ṣé ó tó bẹ́ẹ̀ lójú tìẹ?”

Mo ní, “Owó yín ni, Bàbá.” Ṣùgbọ́n inú mi ti bàjẹ́. Mò ń rò ó pé ta ni yóò tún máa bá mi lọ jẹ káò sói.

Ó kọ ìwé sí wọn. Nọ́ńbà fóònù mi ló fún wọn, nítorí pé èmi ló gbẹ́kẹ̀ lé. Ní ọ̀sẹ̀ mélòó kan, ọmọbìnrin kan pè mí, ohùn rẹ̀ tutù bí omi. Ó ní, “Ìyá, ẹ bá wa sọ fún wọn pé a ti gbà wọ́n. Kí wọ́n wá sanwó láàrin oṣù kan.” Mo ní, “Ẹ ṣé, ọmọ mi.” Mo rìn lọ sí ẹ̀yìnkùlé, níbi tó ti ń bá mi tún ẹ̀rọ omi ṣe, mo ní, “Bàbá, wọ́n pè. Wọ́n ní rárá.”

“Kí ló dé?”

“Wọn ò sọ ìdí.”

Ó nu ọwọ́ rẹ̀ fún ìgbà pípẹ́. Ó wá ní, “Ó dáa náà. Ṣé wàá ṣì máa bá mi lọ?”

Mo ní, “Títí màá fi kú.” Orí mi wú. Ẹ gbọ́ o, mo parọ́ fún ọkùnrin tó ń tún omi mi ṣe, orí mi sì wú.

Ọdún méjì kọjá. Sísáré ìwé ń sú u sí i, ó sì ń darúgbó. Ó ní àbúrò kan nílé, Sjoerd, tí wọ́n jọ máa ń sọ̀rọ̀ lórí fóònù ní gbogbo ọjọ́ Àìkú. Lọ́jọ́ kan, Baukje ìyàwó Sjoerd pè pé jẹjẹrẹ ti mú ọkọ òun dé ìpẹ̀kun, kí ó tètè máa bọ̀. Bàbá Wít wá bá mi ní ilé ìdáná. “Bá mi mú ìwé ìrìnnà mi wá. Mò ń lọ bá Sjoerd.” Ó tún ní, “Bóyá mi ò tilẹ̀ ní padà wá mọ́, Lamduan. Ìwé yìí ti sú mi. Ká ní wọ́n gbà mí lọ́jọ́sí ni, ibí ni mi ò bá gbé títí ayé mi.”

Ẹ ò rí i bí? Irọ́ tí mo fi so ó mọ́lẹ̀ ló fẹ́ lé e lọ. Ojú ẹsẹ̀ yẹn ló yẹ kí n wólẹ̀ kí n jẹ́wọ́. Ìwé ìrìnnà náà wà nínú kọ́bọ́ọ̀dù mi, nítorí èmi ni mo lọ bá a ṣe ìjábọ̀ àádọ́rùn-ún ọjọ́ lọ́sẹ̀ yẹn. Ẹnu mi ní, “Ó wà lọ́dọ̀ wọn. Wọn ò tíì dá a padà.” Ó gbà mí gbọ́, torí ó pẹ́ tí mo ti kọ́ ọ pé ọ́fíìsì yẹn le.

Mo gbé e lọ sọ́dọ̀ Thongbai. Mo ní, “Bá mi fi èyí sí dúrọ́ọ̀ máṣíìnì rẹ.”

Ó ṣí i wò. “Ìwé òyìnbó ẹ nìyí. Kí lo ṣe, Lamduan?”

“Ọ̀la ni màá gbà á.”

“Ṣé ọkọ ẹ ni, tí o fi ń dè é mọ́lẹ̀?”

“Dákẹ́ ẹnu ẹ.”

“Mo ti dákẹ́. Ṣùgbọ́n gbogbo ìgbà tí mo bá fẹ́ mú òwú ni màá máa rí ojú ẹ̀.”

Láràárọ̀ ni mò ń wọ bùláòsì mi, tí mò ń sọ pé kó jókòó sílé, pé ọ́fíìsì ni mò ń lọ. Ìsọ̀ káò sói ni mò ń lọ jókòó sí. Bí oòrùn bá kan àtàrí tán, màá wá sílé, màá ní, “Wọ́n ní ọ̀la.” Ní ọjọ́ kẹrin, ó fún mi ní lẹ́tà kan, ó fi fọ́tò sínú rẹ̀. Ọmọdékùnrin méjì ló wà níbẹ̀, òun àti Sjoerd ní kékeré, wọ́n dúró lórí omi tó dì, wọ́n di ara wọn lọ́wọ́ mú. Ó ní, “Bá mi fi hàn wọ́n. Bóyá àánú á ṣe wọ́n.” Mo gba fọ́tò yẹn. Mo jókòó sí ìsọ̀, mo wò ó, mo jẹ nudù mi tán. Mo sì lọ sílé lọ sọ fún un pé ọ̀la.

Sjoerd kú ní ọjọ́ kẹfà.

Ẹ má rò pé mo sáré gbé ìwé náà jáde lọ́jọ́ yẹn. Bí mo bá gbé e wá kíákíá, á fura, bẹ́ẹ̀ ni mo rò. Mo tún fi ọjọ́ mẹ́ta lé e. Ní ọjọ́ kẹjọ, inú fóònù ló ti wo ìsìnkú àbúrò rẹ̀, ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ni mo sì jókòó sí, èmi ni mo di ọwọ́ rẹ̀ mú. Nígbà tí mo wá gbé ìwé náà fún un ní ọjọ́ kẹsàn-án, ó gbá mi mọ́ra. “O ṣeun, Lamduan. O gbìyànjú.” Ọ̀rọ̀ ìdúpẹ́ yẹn ti ń jẹ mí nínú ju àìsàn yìí lọ.

Kò lọ mọ́. Ó ní kí ni òun tún fẹ́ lọ rí. Nígbà tó di ọdún kẹta lẹ́yìn rẹ̀, kíndìnrín mi daṣẹ́ sílẹ̀. Ẹ ti rí àpò omi tí wọ́n ń gbé kọ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibùsùn mi lẹ́ẹ̀mẹrin lóòjọ́, tí wọ́n ń fà gba inú mi kọjá láti ṣe iṣẹ́ kíndìnrín. Nọ́ọ̀sì wa, kí oore máa bá a, fẹ́ kọ́ Thongbai bí wọ́n ṣe ń ṣe é, àmọ́ Bàbá Wít ní, “Ẹnjiníà ni mí. Páìpù ni iṣẹ́ mi.” Àárọ̀ dé alẹ́ ló ń fọ ọwọ́, tó ń so ó, tó ń wọn omi tó jáde. Á ní, “Ọkọ̀ mi ò gbọdọ̀ rì.” Ọjọ́ àtiṣe ìwé rẹ̀ wá pé. Ó ní, “Má dìde. Màá dá lọ gba nọ́ńbà.” Mi ò lè mú un mọ́ra mọ́. Àpò wà lọ́wọ́ rẹ̀ nígbà tí mo sọ gbogbo rẹ̀ fún un, láti orí ọmọbìnrin tó pè mí títí dé dúrọ́ọ̀ Thongbai.

Ó so àpò náà tán kó tó dá mi lóhùn. Ó yọ gíláàsì ojú rẹ̀. Láti ọjọ́ tí a ti mọ ara wa, ìwọ ló máa ń pè mí; lọ́jọ́ yẹn, mo di ẹ̀yin. Ó ní, “Ẹ fi fọ́tò yẹn hàn wọ́n?”

“Rárá, Bàbá. Mi ò débẹ̀ rárá láàrin ọjọ́ mẹ́sàn-án yẹn.”

“Ẹ ṣeun tí ẹ sọ fún mi.” Ó kó aṣọ díẹ̀, ó lọ.

Ọjọ́ mẹ́tàdínlógún ló lò. Thongbai ló ń so omi fún mi, tó ń bú mi, tó ń sunkún. Ó ní, “Ìwọ nìkan kọ́, èmi náà ni.” Kò sí ọ̀rẹ́ bí tirẹ̀. Lówùúrọ̀ ọjọ́ kan, ọkọ̀ pupa dúró níwájú ilé. Bàbá Wít sọ̀ kalẹ̀. Aino ló bá a lọ sí Bangkok, Bàbá ti san owó físà olówó yẹn, ó gba ọdún gbọọrọ. Ó ṣí ojú ewé náà hàn mí.

Ó ní, “Ṣé o rí i? Mi ò nílò rẹ fún ìwé kankan mọ́. Mo lè gbé Phuket, mo lè gbé Hua Hin, kò sẹ́ni tó máa bi mí.” Ó fọ ọwọ́ rẹ̀, ó wo àpò mi. “Yàrá mi ṣì ṣófo?”

Mo ní, “Ó ṣófo.”

“Keith ní mo fi owó ṣòfò. Mo sọ fún un pé ohun tí mo rà ni pé kí o mọ̀ pé èmi fúnra mi ni mo yàn láti gbé níbí. Inú ń bí mi sí ọ síbẹ̀, Lamduan. Inú á máa bí mi. Sún ẹsẹ̀ rẹ, jẹ́ kí n so èyí.”

Láti ọjọ́ yẹn, kò sí òwúrọ̀ tí mo jí tí mi ò dúpẹ́. Àánú tí mi ò lẹ́tọ̀ọ́ sí ni mò ń jẹ lójoojúmọ́, ó sì dùn. Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ ń bá àwọn àjèjì sáré ìwé, tí wọ́n ń wo yín lẹ́nu bí ọmọ tí ń wo ìyá rẹ̀, ẹ sọ ohun tí wọ́n bá sọ fún yín gẹ́lẹ́. Bí ẹ bá fẹ́ràn ẹnì kan, ẹ sọ fún un. Ká ní mo sọ ọ́ ni, bóyá ì bá ti dúró.

Ọ̀rọ̀ kan ló kù, kì í ṣe ẹ̀yin ni mo fẹ́ bá sọ ọ́. Fóònù Bàbá Wít ń gba ohùn mi sílẹ̀, mo sì ti ní kó túmọ̀ rẹ̀ ránṣẹ́ sílé wọn, bó ti wù kó dójú tì mí tó. Baukje, ìyàwó Sjoerd, mo gbọ́ pé láti ọjọ́ ìsìnkú ni ẹ kò ti bá a sọ̀rọ̀ mọ́, pé ẹ ní ó jókòó sínú oòrùn nígbà tí àbúrò rẹ̀ ń kú lọ. Ó ní ọ́fíìsì ló mú ìwé òun dání, ẹ ò gbà á gbọ́; lẹ́yìn tí mo jẹ́wọ́ fún un pàápàá, kò sọ òtítọ́ fún yín, nítorí kò fẹ́ kí a fi orúkọ mi ṣe ẹlẹ́yà. Ìyá, ó ti di báàgì rẹ̀ láti ọjọ́ àkọ́kọ́. Ẹnu ọ̀nà yàrá rẹ̀ ló wà fún ọjọ́ mẹ́sàn-án, mo ń gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kọjá. Èmi ni mo dá a dúró. Bí ẹ ò bá lè forí jì mí, ó tọ́ sí mi. Ṣùgbọ́n òun ò ṣe yín ní nǹkan kan. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ pè é.