Àpótí Ìkarahun Tí Mo Gbà ní Sítọ́ọ̀

Ẹ̀yin ará, ẹ bá mi kí Ọlọ́run wa kí n tó la ẹnu, nítorí ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ sọ yìí, tí kì í bá ṣe pé Ó dì mí mú, mi ò ní lè sọ ọ́ lójú gbogbo yín. Haléluyà! Ẹ tún un sọ, ẹ má jẹ́ kó jẹ́ èmi nìkan.

Àwọn tó jẹ́rìí ṣáájú mi láàárọ̀ yìí sọ ti ìjì tó dojú ọkọ̀ dé lọ́nà Araromi, wọ́n sọ ti ibà. Tèmi lè má dún tó bẹ́ẹ̀ létí yín. Ojú mi ló ń ṣe mí. Kò dùn mí o, kò sì pọ́n. Ojú tí Ọlọ́run fún mi kí n fi kàwé, kí n fi gba sátífíkéètì tíṣà àwọn ọmọ kéékèèké, ara Arábìnrin Dọ́káàsì ni mo fi ń wò láti àárọ̀ títí di ìrọ̀lẹ́. Òun náà ló jókòó ní ìlà kẹta yẹn. Mo ti gba àyè lọ́wọ́ rẹ̀ kí n tó dìde, ó ní kí n sọ gbogbo rẹ̀.

Awoye ni mo ti wá, ẹ mọ̀ bẹ́ẹ̀. Nígbà tí mo wà lọ́hùn-ún, bí mo bá fẹ́ jowú, mo máa ń rí nǹkan jowú sí: ìró tuntun tí aládùúgbò ró, ọkọ̀ tí ọkọ ẹlòmíràn rà. Nígbà tí mo dé Ayétòrò níbí, tí gbogbo wa ń jẹun nínú ìkòkò kan, tí wọ́n ń gé aṣọ mi àti ti ẹlòmíràn lára ìgàn kan náà, mo rò pé owú ti tán lára mi. Kí ni mo tún fẹ́ jowú sí? Háà! Owú ò tán o. Ó kàn ń wá ibi tó máa jókòó sí ni.

Àwọn àgbà ìjọ pe èmi àti Dọ́káàsì. Wọ́n ní kí a fi àwọ̀n híhun sílẹ̀, kí a wá máa tọ́jú jẹ́léósinmi, àwọn ọmọ tí kò tíì tó ilé-ìwé lọ, kí a sì máa kàwé kí ìjọba lè fún wa ní sátífíkéètì. Inú mi dùn. Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tó dùn mọ́ mi jù. Ọdún mẹ́fà ni mo fi hun àwọ̀n nílùú yìí, kò sí èyí tí orúkọ mi wà lára rẹ̀. Ọkọ̀ tí àwọn arákùnrin kàn, kò sí orúkọ ẹnikẹ́ni lára rẹ̀, bẹ́ẹ̀ náà ló sì ṣe yẹ kó rí. Ṣùgbọ́n ìwé ìjọba yìí, orúkọ ẹnì kan ṣoṣo ló máa wà lára rẹ̀, gàdàgbà. Mo fẹ́ kó jẹ́ Màtá. Mo sì fẹ́ kó dé ṣáájú ti Dọ́káàsì.

Dọ́káàsì kéré sí mi. Abereke ló ti wá, lẹ́yìn tí mo ti pẹ́ níbí. Kíláàsì kan náà la jọ ń tọ́jú, òun láàárọ̀ títí di oúnjẹ ọ̀sán, èmi lẹ́yìn oúnjẹ. Tó bá jẹ́ òun, á sọ̀rọ̀ wúyẹ́wúyẹ́, gbogbo wọn á dákẹ́ kí wọ́n lè gbọ́. Tó bá kàn mí, màá pariwo títí ọ̀fun mi á fi gbẹ, wọn á sì máa pariwo tiwọn lọ. Mo fara da ìyẹn. Èyí tó pa mí ni ti Rúùtù ọmọ mi. Ọmọ ọdún mẹ́rin ni nígbà náà. Ó ṣubú lórí afárá pákó wa, ó fi orúnkún gbá pákó, ó bú sẹ́kún. Mo sáré, mo na ọwọ́ méjèèjì. Ọmọ tí mo bí gba ẹ̀gbẹ́ mi kọjá, ó lọ kó sábẹ́ apá Dọ́káàsì!

Ẹ̀kọ́ wa níbí ni pé ọmọ gbogbo wa ni gbogbo ọmọ. Mo máa ń ṣe àmín sí i, àmín mi sì máa ń dún ju ti gbogbo èèyàn lọ. Lọ́jọ́ yẹn, àmín ò jáde. Mo ní, ṣé òun ló rọbí ẹ̀ ni?

Láti ọjọ́ náà, ìwé ò wọ orí mi mọ́. Aago mẹ́rin la máa ń kàwé, lórí tábìlì kan nínú ṣọ́ọ̀bù àwọn káfíńtà, tíṣà àgbà ló ń kọ́ wa. Màá ṣí ìwé síwájú, ojú mi á wà lára ìwé Dọ́káàsì. Tó bá ṣí ojú ewé kan, èmi náà á ṣí. Bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe ka ìwé kan dé ìparí tí mi ò mọ nǹkan kan nínú rẹ̀. Ẹ máa rẹ́rìn-ín, ó yẹ kí ẹ rẹ́rìn-ín. Lọ́jọ́ kan, Tíṣà bi wá pé kí ló dé tí ọmọ ọdún mẹ́rin fi ń ṣeré nínú iyanrìn ṣáá. Mo yára dáhùn kí Dọ́káàsì tó dáhùn: "Kò níṣẹ́ ni, sà." Dọ́káàsì rọra ní, "Iṣẹ́ rẹ̀ nìyẹn, sà." Inú Tíṣà dùn, ó ní kó tún un sọ. Ó tún un sọ! Díẹ̀ ló kù kí n fi eyín gé pẹ́ńsù mi sí méjì. Tí mo bá kúnlẹ̀ àdúrà, mi ò bẹ Ọlọ́run kí n yege mọ́. Mo ń bẹ̀ Ẹ́ kí Dọ́káàsì gbàgbé ohun tó kà.

Ó ní àpótí kan tó ń lò. Ó ti ń ṣa ìkarahun létí òkun láti ìgbà pípẹ́, ó fọ̀ wọ́n, ó sá wọn, ó to ńlá sọ́tọ̀ kúrò lára kékeré, ó sì bẹ àwọn káfíńtà kí wọ́n gbẹ́ ẹja pákó kékeré kan fún un. Òun ló fi ń kọ́ àwọn ọmọ ní oǹkà. Tó bá ti lò ó tán, á dá a padà sí sítọ́ọ̀ tí à ń kó ohun gbogbo wa sí, bí gbogbo wa ṣe ń ṣe.

Àárọ̀ ọjọ́ tí ínspẹ́kítọ̀ ìjọba máa wá wo bí a ṣe ń kọ́ ọmọ, èyí tó wà lára ìdánwò sátífíkéètì wa, kí sítọ́ọ̀ tó ṣí ni mo ti wà lẹ́nu ọ̀nà. Arákùnrin Jòsáyà tó ń tọ́jú ibẹ̀ bi mí pé kí ni mo fẹ́. Mo ní àpótí ìkarahun.

"Ṣé Dọ́káàsì mọ̀?"

"Arákùnrin, ṣé Dọ́káàsì ló ni ín ni?"

Ó wò mí. Ta ló máa sọ nílùú yìí pé ẹnì kan ló ni nǹkan? Ó gbé e fún mi. Ẹ̀yin ará, mi ò jalè, mi ò purọ́. Ìlànà mímọ́ wa gan-an ni mo fi gba nǹkan mọ́ arábìnrin mi lọ́wọ́, mo sì ń kọrin lọ́nà.

Dọ́káàsì pàdé mi lórí afárá, ó rí àpótí lábẹ́ apá mi. Ó wá ní, "Ẹ kú iṣẹ́, Ẹ̀gbọ́n. Ẹja yẹn, ẹ̀yìn gbogbo ẹ̀ ni kí ẹ mú un jáde o."

Mo ní mo gbọ́. Nínú mi, mo ní irọ́ ni! Ó fẹ́ bà á jẹ́ fún mi ni. Ẹja tó dára tó báyìí, òun ló yẹ kí ínspẹ́kítọ̀ kọ́kọ́ rí.

Ínspẹ́kítọ̀ dé, ó jókòó, ó ṣí ìwé rẹ̀. Èmi àgbà ni wọ́n kọ́kọ́ pè. Ọmọ méjìdínlógún wà lórí ẹní. Mo kí wọn, mo ṣí àpótí, mo gbé ẹja sókè.

Gbogbo wọn dìde lẹ́ẹ̀kan náà. Wọ́n di ara wọn lọ́wọ́ mú, Rúùtù ló ṣíwájú, wọ́n ń kọrin, wọ́n jáde. Mo ń pariwo, "Ẹ padà! Ẹ padà!" Wọn ò tilẹ̀ wẹ̀yìn. Àṣé ẹja yẹn ni Dọ́káàsì fi ń hàn wọ́n lójoojúmọ́ tó bá ti tó àkókò oúnjẹ. Ilé oúnjẹ ni wọ́n gbà lọ tààrà, wọ́n tò, wọ́n na ọwọ́ fún omi, nígbà tí iná ò tíì mú dáadáa lábẹ́ ìkòkò. Ọ̀kan nínú àwọn tó ń dáná ní, "Ẹ̀yin ọma, ta ló ní kí ẹ wá?" Wọ́n ní ẹja ni.

Ó ku èmi àti ínspẹ́kítọ̀. Oṣù mẹ́jọ ni mo fi ṣọ́ Dọ́káàsì. Mo mọ iye ọmọ tó ń dìrọ̀ mọ́ ọn. Mi ò mọ ohun tó ń fi ẹja ṣe.

Mo jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, mi ò mọ ìgbà tí àdúrà bọ́ lẹ́nu mi sókè: "Olúwa, gba ojú mi lọ́wọ́ mi!" Ínspẹ́kítọ̀ rò pé àìsàn ló dé. Dọ́káàsì lọ kó àwọn ọmọ wá, ó fi wọ́n sílẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà fún mi, kò wọlé. Ṣùgbọ́n àkókò mi ti tán.

Mo fìdí rẹmi. Dọ́káàsì yege. Ọkọ̀ lẹ́tà gbé sátífíkéètì rẹ̀ dé, orúkọ rẹ̀ wà lára rẹ̀ gàdàgbà. Mo kí i kú oríire, ẹnu mi ń korò.

Ṣé àdúrà náà gbà? Kò tíì gbà lọ́jọ́ yẹn o. Mo lọ bá àwọn àgbà, mo jẹ́wọ́ ti àpótí, mo bẹ̀ wọ́n kí wọ́n jẹ́ kí n máa jókòó sí kíláàsì Dọ́káàsì láàárọ̀, lórí bẹ́ǹṣì kékeré, láàárín àwọn ọmọ. Oṣù àkọ́kọ́, òun náà ni mo ṣì ń wò. Mo ń wo ọwọ́ ẹ̀, mo ń wo eyín ẹ̀. Àdúrà kan náà ni mo ń gbà lójoojúmọ́. Ọmọ kan wà, Lídíà, tí kò lè di ìkarahun mú. Tó bá ti mú un, á jábọ́. Láàárọ̀ ọjọ́ kan, mo bẹ̀rẹ̀ sí í wo ìka rẹ̀. Mo rí i pé kì í lo àtàńpàkò. Mo fún un ní èyí tó tóbi, ó jábọ́. Mo wá èyí tó rí pẹlẹbẹ, mo bá a fi àtàńpàkò lé e. Ó dì í mú! Ó wò mí, ó rẹ́rìn-ín. Bí mo ṣe gbójú sókè, ẹja ti jáde, àwọn ọmọ ti ń dìde. Oúnjẹ ti tó! Láti àárọ̀, mi ò wo Dọ́káàsì lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Mo bú sẹ́kún lórí bẹ́ǹṣì ọmọdé. Haléluyà!

Láti ìgbà náà ni ìwé ti ń wọ orí mi. Ínspẹ́kítọ̀ tún wá lọ́dún yìí, mo mú ẹja jáde kẹ́yìn. Mo lọ ṣe ìdánwò ìwé ní Òkìtìpupa, mo yege. Sátífíkéètì mi dé lọ́sẹ̀ tó kọjá, Màtá ni wọ́n kọ sí i. Mo wò ó títí. Nígbà tí mo wò ó tán, mo gbé e lọ fún Arákùnrin Jòsáyà kó tọ́jú ẹ̀ sí sítọ́ọ̀. Ó gbà á, ó wò mí, ó ní, "Ṣé Dọ́káàsì mọ̀?" Mo ní òun ló kọ́kọ́ kà á.

Ẹ má rò pé owú ti kú pátápátá lára mi o. Mi ò wá purọ́ níwájú pẹpẹ. Rúùtù ọmọ mi, itan Dọ́káàsì ló jókòó lé ní ìlà kẹta yẹn, ó gbé orí lé e láyà. Láti ìgbà tí mo ti dìde ni mo ti rí i, ó sì ń ta mí. Ẹ dìde, ẹ bá mi yọ̀, ẹ bá mi fi ògo fún Ọlọ́run, nítorí mo rí i, síbẹ̀ mo sọ ọ̀rọ̀ mi dé òpin.